Ta Ni "O"?

Ní èdè Túrkì, "ben" ni èmi, "sen" ni ìwọ, "biz" ni àwa, "onlar" ni àwọn. "Siz" ni ẹ̀yin. Òun náà ni wọ́n ń lò fún àgbà kan ṣoṣo, bí a ṣe ń sọ pé "ẹ káàárọ̀". Ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ni ẹ ó ti rí olùwà: "geliyorum", mò ń bọ̀, "geliyorsun", ò ń bọ̀. Nítorí náà, wọn kì í sábà pe "ben" àfi tí wọ́n bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọn. Àwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: "ń bọ̀" nìkan kò pé.

"Geliyor" kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Ó ń bọ̀ ni. Ta ló ń bọ̀? "O". "O" yìí àti "ó" tiwa jọra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè méjèèjì kò bára tan, kò sì sí èyí tó ń sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. "O bir doktor": dókítà ni. Gẹ̀ẹ́sì a máa fẹ́ kí a yan ọ̀kan. Nígbà kan, Google a máa sọ dókítà yìí di ọkùnrin, a sì máa sọ nọ́ọ̀sì di obìnrin. Ọdún 2018 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtumọ̀ méjèèjì hàn.