Owó àjọ ló jẹ́ kí Rust yé wa

Lọ́dún 2006, Graydon Hoare darí dé ilé rẹ̀ ní Vancouver, ní Kánádà, ó bá ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè tó ti bàjẹ́. Àjà 21 ló ń gbé! Ètò kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ náà ló tún dẹnu kọlẹ̀. Inú bí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èdè kọ̀ǹpútà tuntun tó pè ní Rust.

Àwa tí à ń kọ́ ọ lẹ́yìn iṣẹ́ níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé la kọ́kọ́ ń kà, kò wọlé. Ìgbà tí a kọ ètò kékeré tó ń ṣírò owó àjọ wa ló tó yé wa. A kó orúkọ àwọn tó ń dá àjọ fún apá kan ètò náà. Nígbà tí a tún fẹ́ tẹ orúkọ ọ̀hún jáde, Rust kọ̀ jálẹ̀, ètò náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Òfin rẹ̀ ni pé nǹkan kan, ẹni kan ló ni ín. Èdè C ì bá gbà, kó tó dójú tini lọ́jọ́ mìíràn. A fi àmì & síwájú orúkọ náà, ìyẹn ni pé a kàn yá a ni, ó sì ṣiṣẹ́.

Ó ku bí yóò ṣe máa dárúkọ ẹni tí kò tíì san.