Ilé agbọ́n nínú oko òwú
Ẹ̀yin àgbẹ̀ olówú, kí àwọn tó ń ká òwú tó wọ oko, ẹ yẹ ìdí òwú àti ẹ̀ka igi wò. Agbọ́n ń pa kòkòrò tí ń jẹ òwú; bí ilé rẹ̀ bá jìnnà sí ọ̀nà, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá wà láàárín òwú, ẹ ri igi mọ́lẹ̀ nítòsí, kí ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn, kí tọmọdé tàgbà lè yà fún un. Òwú díẹ̀ kò tó ẹ̀mí. Ẹ má sọ ọ́ lókò, ẹ má dáná sun ún: nígbà ọyẹ́, iná lè jó oko yín àti ti aládùúgbò. Ẹni tí agbọ́n ta, kí ó tètè kúrò níbẹ̀, kí ó fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀. Bí ètè tàbí ọ̀fun rẹ̀ bá ń wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.