Orúkọ Tí A Fi Pamọ́ ní Ìlú Òkèrè

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ǹjẹ́ ọmọ tí a lé kúrò nílé, orúkọ wo ni yóò máa jẹ́? Ìbéèrè yìí ni a bá pàdé nínú ìwé The Other Side of Truth, tí Beverley Naidoo kọ fún àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún 2000, tí ó sì gba ẹ̀bùn Carnegie ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú South Africa ni a bí òǹkọ̀wé náà sí. Ìjọba ibẹ̀ ti tì í mọ́lé rí láìṣẹjọ́, ó sì di èrò Ìlú Òyìnbó ní 1965.

Èkó ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ní November 1995, lábẹ́ ìjọba ológun, ní oṣù tí a pa Ken Saro-Wiwa. Folarin Solaja, akọ̀ròyìn, kọ̀ láti dákẹ́. Ìbọn tí a yìn nítorí rẹ̀ sì pa ìyàwó rẹ̀. Kíá ni a fi Sade, ọmọ ọdún 12, àti Femi àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 10, lé obìnrin kan lọ́wọ́, kí ó mú wọn dé London bí ọmọ tirẹ̀. Obìnrin náà fi wọ́n sílẹ̀ láàrin ìgboro, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n wá arákùnrin bàbá wọn títí, wọn kò rí i.

Síbẹ̀, òtútù kọ́ ni ó wúwo jù. Sade fi orúkọ bàbá rẹ̀ pamọ́ fún àwọn aláṣẹ, kí ibi má baà bá a. Irọ́ náà dáàbò bò wọ́n, ṣùgbọ́n ó di ẹrù lọ́rùn ọmọdé. Tọkọtaya rere kan gbà wọ́n tọ́, oúnjẹ wà, ibùsùn wà. Ilé kò tíì sí. Nígbà tí bàbá wọn dé, tí a sì tì í mọ́lé, ni Sade tọ ọkùnrin tí ń ka ìròyìn lórí tẹlifísàn lọ, ó sì sọ òtítọ́ fún un. Ọjọ́ náà ni wọ́n padà di ọmọ Solaja ní gbangba.

Ẹ̀yin òbí wa ní Mende, Ketu àti Ikosi, ọ̀nà kò jìn láti ọ̀dọ̀ yín dé pápá ọkọ̀ òfuurufú Ikeja. A mọ̀ pé púpọ̀ ń wá ẹni tí yóò mú ọmọ wọn kọjá sí òkè òkun. Ẹ ka ìwé yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ yín ná. Solaja ń sá fún ikú. Ẹni tí ikú kò lé, kí ni ó ń fi orúkọ ẹlòmíràn wọ ọmọ rẹ̀ fún?