Bí òbí kan bá gbé ọmọ sọdá ààlà

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni a fẹ́ sọ lónìí.

Tọkọtaya kan jà. Ìjà náà le. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀kan nínú wọn gbé ọmọ, ó wọ ọkọ̀, ó sọdá sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Kò sọ fún ẹnì kejì. Ẹni tó kù nílé lọ sí ilé ẹjọ́. Adájọ́ ní kí wọ́n dá ọmọ padà. Ṣùgbọ́n àṣẹ adájọ́ ilẹ̀ kan kì í dédé múlẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn. Kí ni kí ó wá ṣe?

Àwọn agbẹjọ́rò kan wà tí irú ẹjọ́ yìí jẹ́ iṣẹ́ wọn. Ẹjọ́ ẹbí tó kan orílẹ̀-èdè méjì ni wọ́n ń bójú tó: ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀, owó ìtọ́jú ọmọ, gbígba ọmọ tọ́, àti ọmọ tí wọ́n gbé sọdá ààlà.

Ohun mẹ́ta ni irú agbẹjọ́rò bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè:
1. Níbo ni ọmọ ń gbé kí ìjà tó dé?
2. Adájọ́ ilẹ̀ wo ni ó yẹ kí ó gbọ́ ẹjọ́ náà?
3. Ǹjẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì ní àdéhùn láàárín ara wọn?

Lẹ́yìn náà, yóò wá agbẹjọ́rò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ kejì. Ìdí ni pé agbẹjọ́rò kì í sábà ní àṣẹ láti rojọ́ ní ilé ẹjọ́ ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àdéhùn tí a mọ̀ jù lórí ọ̀ràn yìí ni èyí tí wọ́n ṣe ní ìlú La Haye, ní ilẹ̀ Holland, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1980. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1983. Orílẹ̀-èdè tó ti wọ inú rẹ̀ lé ní 100, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ayé.

Kí ni àdéhùn náà sọ? Ó ní bí wọ́n bá gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 lọ lọ́nà tí kò tọ́, kí wọ́n tètè dá a padà sí ilẹ̀ tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Adájọ́ ibẹ̀ ni yóò sọ ẹni tí yóò tọ́ ọmọ. Bí òbí bá pẹjọ́ kí ọdún kan tó pé, dídá padà ni òfin. Bí ó bá ju ọdún kan lọ, tí ibẹ̀ sì ti mọ́ ọmọ lára, adájọ́ lè kọ̀. Ó tún lè kọ̀ bí ewu ńlá bá ń dúró de ọmọ nílé, tàbí bí ọmọ tó ti gbọ́n tó bá ní òun kò fẹ́ padà.

Ẹ wo ẹjọ́ kan tí ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Bàbá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ìyá jẹ́ ọmọ Bràsíìlì. New Jersey ni wọ́n ń gbé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2004, ìyá mú ọmọkùnrin wọn, ọmọ ọdún 4, lọ sí Bràsíìlì. Ó ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ni. Nígbà tó débẹ̀, ó fi tẹlifóònù sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun kò padà mọ́.

Orílẹ̀-èdè méjèèjì ti wọ àdéhùn La Haye. Bàbá pẹjọ́ kí ọdún náà tó parí. Síbẹ̀, ẹjọ́ ń falẹ̀. Ní ọdún 2005, ilé ẹjọ́ kan ní Bràsíìlì ní lóòótọ́ ohun tí ìyá ṣe kò tọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ti mọ́ ọmọ lára. Ní ọdún 2008, ìyá kú lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn ẹbí ìyá kò fi ọmọ sílẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 2009 ni bàbá tó gba ọmọ rẹ̀ ní Rio de Janeiro. Ọmọ ti di ọmọ ọdún 9.

Ẹ̀yin ará, ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ lọ nínú ayé ọmọ. Ta ló lè dá a padà?

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi ìlà pín ilẹ̀ Kétu. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Mẹ́kọ àti Ìlárá bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè wa kò yí padà, a sì ń fẹ́ ara wa títí dòní. Ṣùgbọ́n òfin Bẹ̀nẹ̀ yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà. Òfin ẹbí ti Bẹ̀nẹ̀, tó jáde ní ọdún 2004, sọ pé ìgbéyàwó tí òṣìṣẹ́ ìjọba so nìkan ni òfin mọ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ṣe é.

Ẹ gba ìwé ìbí fún ọmọ. Ẹ tọ́jú ìwé ìgbéyàwó, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìwé ilé ìwé ọmọ. Àwọn ni yóò jẹ́rìí ibi tí ọmọ ń gbé. Bí òbí kan bá ń mú ọmọ rìnrìn àjò, kí ẹnì kejì kọ ìwé pé òun gbà, kí ó kọ ọjọ́ tí wọn yóò padà sí i. Bí wọn kò bá padà, ẹ má jókòó, ẹ má sì lọ jí ọmọ gbé padà. Ẹ tètè lọ sí ilé ẹjọ́.

Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí adájọ́ gbọ́ tẹnu bàbá, kí ó gbọ́ tẹnu ìyá, kí ó sì rántí ọmọ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń jà sí.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìmọ̀wé:
1. Kí ló dé tí kò fi yẹ kí òbí jẹ́ kí ọdún kan kọjá?
2. Ìwé mélòó lẹ ní nílé tó ń sọ nípa ọmọ yín? Ẹ kà wọ́n sókè.
3. Ẹ kọ ìwé kékeré kan tí òbí fi gbà kí ọmọ rìnrìn àjò. Ẹ má gbàgbé ọjọ́ ìpadàbọ̀.

Ó di ìgbà mìíràn. Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ wa sí.