Ìwé Mọ́kànlá Lórí Ẹrù Iṣu Kan: Bí A Ṣe Lè Dá Owó Orí Tó Tọ́ Mọ̀



Ní ìparí ìkórè èṣí, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa wá sí ọ́fíìsì mi. Ó ti ra iṣu kún tirẹ̀ ní agbègbè Paiko, ó kó o sínú lọ́rì, ó gba Bida, Mokwa, Jẹ́bà àti Ìlọrin dé Ìbàdàn. Nígbà tó padà dé, ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì da ìwé pélébé-pélébé mọ́kànlá sórí tábìlì mi. Sítíkà wà níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀; òmíràn kò ní ju òǹtẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà lọ.

Ó ní, "Tíṣà, owó tí mo san lórí ìwé wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èrè mi. Èwo gan-an ni owó orí nínú wọn?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè kí n wò wọ́n." Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò mọ̀.

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí ìwọ tó kàwé kò bá mọ̀, kí ni kí àwa ṣe? Àlejò ni wá níbí. À ń san án kí wọ́n má baà dá wa dúró ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ó mú mi wá ìwé kà, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín lónìí.

ỌNÀ MẸ́RIN TÍ OWÓ ORÍ FI Ń PỌ̀ JÙ

Ọ̀jọ̀gbọ́n Abíọ́lá Sanni jẹ́ olùkọ́ òfin owó orí ní Yunifásítì Èkó. Ní ọdún 2012 ó kọ àlàyé kan jáde lórí ọ̀pọ̀ owó orí tó ń gun ara wọn lórí ní Nàìjíríà. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má san owó orí. Ohun tó ṣe ni pé ó pín ìṣòro náà sí ọ̀nà mẹ́rin, kí á lè mọ èyí tí à ń bá jà.

Èkíní ni owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti ìbílẹ̀ ń gbà láìsí òfin tó tì í lẹ́yìn. Ìdẹ́rùbà ni wọ́n fi ń gba irú rẹ̀: wọ́n a lẹ sítíkà, wọ́n a dí ojú ọ̀nà, wọ́n a rán àwọn aṣojú jáde, títí kan àwọn ọmọ gáréèjì. Èkejì ni kí ìjọba méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa béèrè irú owó kan náà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ̀kẹta ni kí ìjọba kan ṣoṣo gbé owó orí méjì tàbí mẹ́ta lé ohun kan náà, kí ó kàn yí orúkọ wọn padà. Ẹ̀kẹrin ni kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba máa gba owó orí, kí wọ́n pè é ní owó iṣẹ́ tàbí owó ìwé.

Mo padà sí ìwé mọ́kànlá náà, mo sì tò wọ́n sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Márùn-ún kò dárúkọ òfin kankan, wọn kò sì ní nọ́ńbà. Mẹ́ta wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta, lórí ẹrù iṣu kan náà. Méjì jẹ́ owó àyẹ̀wò ẹrù, bẹ́ẹ̀ ìyá ní kò sí ẹni tó wo iṣu kan ṣoṣo. Ọ̀kan péré ló kù, ìyẹn owó gáréèjì níbi tí lọ́rì ti gbé ẹrù. Òun nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó tọ́.

TA LÓ NI KÍ Ó GBA KÍ NI?

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti pín iṣẹ́ yìí. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ni àbójútó ọjà àti gáréèjì. Òun náà ló ń fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi kéékèèké, bárò àti ọmọlanke ní ìwé àṣẹ. Nítorí náà, ẹni tó pa ìsọ̀ sínú ọjà kò gbọdọ̀ bínú bí ìjọba ìbílẹ̀ bá béèrè owó ọjà.

Ní ti owó orí lórí ohun tó ń wọlé fún ènìyàn, ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣòfin rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ló ń gbà á. Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ẹni tó bá ń gbé ní Mínà, ọ̀dọ̀ ìjọba Ìpínlẹ̀ Niger ni owó orí rẹ̀ ń lọ, ì báà jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ọmọ Ìkìrè. A kò lè fi ilé bàbá wa ṣe àwáwí. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin kò fún agbowó orí lágbára láti gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ Yorùbá ju èyí tó ń gbà lọ́wọ́ Núpé tàbí Gbàgyì. Ibi tí a ń gbé ni òfin ń béèrè, kò béèrè ibi tí a ti ṣẹ̀ wá.

Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026. Ó ní kí a má gba owó orí kankan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú ohun tí a ń ṣírò owó orí lé lórí lọ́dún. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé. Bí àgbẹ̀ kan bá pa ₦1,800,000 lórí iṣu, tó sì jẹ́ pé owó alágbàṣe, èbù, ajílẹ̀ àti ọkọ̀ jẹ́ ₦1,150,000, ohun tó kù fún un ni ₦650,000. Kò jẹ ìjọba ní owó orí. Bí ohun tó kù bá jẹ́ ₦900,000, orí ₦100,000 tó lé nìkan ni yóò ti san náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó jẹ́ ₦15,000. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́ pé ó ná ₦1,150,000 bí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹ̀yin tó ń sọ pé inú orí yín ni ìṣirò yín wà, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan.

ẸRÙ TÓ Ń KỌJÁ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ìbéèrè tó dun ìyá wa jù ni ti ojú ọ̀nà. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìpínlẹ̀ tí ẹrù kàn ń gbà kọjá gba owó orí lórí rẹ̀?

Ẹjọ́ kan ti wáyé tó tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí. Ní ọdún 1982, Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣòfin owó orí lórí ọjà títà. Àwọn oníṣòwò tí ọjà wọn ń ti ìta wọ ìpínlẹ̀ náà kọ̀ ọ́, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ, ọ̀rọ̀ náà sì dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní ọdún 1985 ilé ẹjọ́ náà dájọ́ pé òwò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì wà lábẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Òwò tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sínú ìpínlẹ̀ nìkan ni ìpínlẹ̀ lè gbé irú owó orí bẹ́ẹ̀ lé.

Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní ọdún 1986. Owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ ń rí gbà kò tó iṣẹ́ ọrùn wọn mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kọjú sí ojú ọ̀nà. Ó di dandan kí òfin tún dá sí i. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998, nígbà tí Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, ọmọ Mínà wa níbí, ń ṣe olórí ìjọba, wọ́n ṣòfin kan tó to orúkọ owó orí ìjọba kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ. Òfin náà ka dídí ojú ọ̀nà láti gba owó orí léèwọ̀. Ìtanràn ₦50,000, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì pọ̀, ló fi lélẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe é. Ẹ rí i pé kì í ṣe òfin ni kò sí. Àwa tó yẹ kí a bi wọ́n léèrè ni a kò mọ̀ ọ́n.

KÍ Á MÁ ṢÌ MÍ GBỌ́

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ka ìwé yìí tán kó ní Tíṣà ní kí a má san owó orí mọ́. Ìwé òfin ọdún 1999 kan náà sọ pé ojúṣe ọmọ ìlú ni kí ó sọ òótọ́ nípa ohun tó ń wọlé fún un, kí ó sì san owó orí rẹ̀ lásìkò. Ẹni tí kò san ti òtítọ́ kò ní ẹnu láti kọ ti èrú.

Àwọn àgbà àárín wa rántí ogun Àgbẹ́kọ̀yà ti ọdún 1968 sí 1969 ní ilẹ̀ Yorùbá. Owó orí tó wúwo àti ìwà ìkà àwọn agbowó orí ló bí i. Adájọ́ Ayọ̀ọlá darí ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà, owó orí sì wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì ní ọdún 1969. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti ṣòfò kí ọ̀rọ̀ tó yanjú. Bí ìwé àti bírò bá lè ṣe é, ẹ má jẹ́ kí a fi àdá ṣe é.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi pẹ̀lẹ́ béèrè nǹkan mẹ́ta: Òfin wo ló ní kí n san án? Ìjọba wo ló ni ín? Rìsíìtì mi ńkọ́?

2. Ẹ má gba rìsíìtì tí kò ní nọ́ńbà, ọjọ́, iye owó àti orúkọ ìjọba tó gbà á.

3. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà lójú ọ̀nà, pàápàá lóru. Ẹ̀mí ju owó lọ. Bí wọ́n bá fi ipá gbà á, ẹ kọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, aago tó lù, àti orúkọ tó wà lára aṣọ tàbí ìwé wọn.

4. Ẹ kó gbogbo ìwé wá sí ọ́fíìsì ìgbáyé-gbádùn. Ẹ̀dùn ọkàn ẹnì kan kì í rin ọ̀nà jìnnà; ti ogójì ènìyàn, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ni ìjọba ń dá lóhùn.

5. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ ná àti ohun tí ẹ pa sílẹ̀. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, kí ó rán ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sí ilé ìwé.

Ìyá wa tún kó iṣu lọ sí Ìbàdàn ní oṣù tó kọjá. Ìwé mẹ́jọ ló mú bọ̀ dípò mọ́kànlá. Ó ní ní ibi mẹ́ta, bí òun ti béèrè òfin, wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n sì ní kí lọ́rì máa lọ. Ní ibì kan, wọ́n dá a dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì san án nígbẹ̀yìn.

Mo ní, "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́."

Ó ní, "Má pẹ̀lẹ́ mi. Mo san án, ṣùgbọ́n mo gba orúkọ rẹ̀." Ó sì tú etí ìró rẹ̀.

Ìwé náà wà nínú fáìlì wa báyìí. Mo ń retí ti ẹ̀yin tó kù.