MFM já wálẹ̀, kò padà: Ohun tí àpò onílé ń ṣe nínú bọ́ọ̀lù Èkó

Lọ́dún 2022, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin já kúrò nínú líìgì tó ga jù ní Nàìjíríà: Kano Pillars, Heartland, Katsina United àti MFM ti Èkó. Nígbà tó fi máa di ọdún 2023, mẹ́ta àkọ́kọ́ ti padà sókè. MFM nìkan ló kù sísàlẹ̀.

Ìyàtọ̀ wọn kò ṣòro láti rí. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni àwọn mẹ́ta tó padà. Ìjọ Mountain of Fire and Miracles, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Yábàá, ló ni MFM. Bí ẹgbẹ́ ìjọba bá já wálẹ̀, owó ìlú ṣì lè gbé e dìde. Ẹgbẹ́ aládàáni gbọ́dọ̀ wá tirẹ̀.

Níbo ni yóò ti wá a? Ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Àkọ́kọ́ ni owó géètì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Múṣin àti Súrùlérè ló fẹ́ràn láti sanwó wo Chelsea àti Arsenal nílé ìwòran ju kí wọ́n lọ sí pápá lọ. Agége sì ni MFM ti ń gba bọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n wà nínú líìgì tó ga jù, kì í ṣe Yábàá.

Ìkejì ni owó tẹlifíṣàn. Lọ́dún 2017, SuperSport fòpin sí àdéhùn tó ní pẹ̀lú líìgì wa. Ìkẹta ni àwọn onígbọ̀wọ́, àwọn wọ̀nyí kì í sì í fẹ́ náwó síbi tí ojú kò ti rí ọjà wọn.

Ìkẹrin, tí í ṣe títa agbábọ́ọ̀lù, ló kù. Lọ́dún 2017 kan náà tí MFM ṣe ipò kejì, Stephen Odey tó ń gbá góòlù wọlé fún wọn lọ sí FC Zürich ní Switzerland. Lọ́dún 2020, kọ́ọ̀ṣì wọn, Fidelis Ilechukwu, lọ sí Heartland. Òun ló gba ife líìgì fún Enugu Rangers lọ́dún 2024. Àgbẹ̀ tó ta iṣu, tó tún ta èbù, kí ni yóò gbìn?

Kì í ṣe pé owó nìkan tó o. Sporting Lagos, tí Shola Akinlade, ọ̀kan lára àwọn tó dá Paystack sílẹ̀, gbé kalẹ̀ lọ́dún 2022, gòkè lọ́dún 2023, ó sì já wálẹ̀ lọ́dún 2024, lẹ́yìn sáà kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tí Kunle Soname ni. Wọ́n já wálẹ̀ lọ́dún 2017, wọ́n sì gba ife líìgì lọ́dún 2025. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọdé agbábọ́ọ̀lù dàgbà. Láti ọdún 2015 ni Soname sì ti ra ìpín tó pọ̀ jù nínú Feirense ti ilẹ̀ Portugal. Èyí túmọ̀ sí pé bí wọ́n ṣe ń ta iṣu, èbù ṣì wà ní abà.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹ, kí ọmọ yín tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ béèrè ohun méjì: ta ni yóò máa san owó oṣù bí ẹgbẹ́ bá já wálẹ̀? Ta ni wọ́n ń tọ́ lọ́wọ́ láti rọ́pò ẹni tí wọ́n bá tà?