Etí Inú Igi: Bí A Ti Ń Wá Ẹ̀rọ Afetíkọ́ Rí ní Ibi Iṣẹ́

Àwọn baba wa tí wọ́n wí pé etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò purọ́, nítorí pé ní ayé ìgbà tiwọn, ẹni tí yóò bá gbé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ dé etí ẹlòmíràn kò lè ṣe kí ó má jẹ́ ẹlẹ́ran ara bí àwa, ẹni tó lè húkọ́, tó lè sín, tí a sì lè rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìkélé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ ti kọ́ irin àti wáyà ní gbígbọ́, a ti lè kan etí mọ́ abẹ́ tábìlì, a lè rì í mọ́ inú ògiri, a sì lè fi í ta ẹni tí a fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ lọ́rẹ. Ibi tí ọ̀gá ti ń bá akọ̀wé rẹ̀ gbèrò, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ń sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn fún ara wọn, ni irú etí bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn jù.

Ẹ̀rọ afetíkọ́, bó ti wù kó kéré tó, ohun mẹ́ta ni kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní: ọ̀nà tí ohùn yóò gbà wọlé, agbára tí yóò fi ṣiṣẹ́, àti ọ̀nà tí yóò gbà gbé ohun tó gbọ́ lọ fún ẹni tó rán an. Nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àwárí yìí ṣe máa ń tọ ipa wáyà kiri, tí wọ́n sì máa ń gbé rédíò tó lágbára wọnú yàrá, tí wọn yóò máa yí i láti ìgbì dé ìgbì nígbà tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá gbọ́ ohùn ẹni náà láti inú rédíò, ọwọ́ ti tẹ olè nìyẹn. Ọgbọ́n náà dára, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ, ìtàn tí n óò sì sọ yìí ló kọ́ gbogbo ayé bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1945, àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì gbé ẹ̀bùn wá fún Averell Harriman, aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Mọsko. Òǹtẹ̀ ńlá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni, tí a gbẹ́ sára igi, tí idì, ọba ẹyẹ, na ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì gbalaja sí. Ta ni yóò kọ ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọmọdé, nígbà tí orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ jìjọ bá Jámánì jagun tán? Wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri yàrá ìkọ̀wé ní Spaso House, ilé tí aṣojú náà ń gbé tó sì ti ń ṣiṣẹ́, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún méje gbáko, tí aṣojú mẹ́rin jókòó tẹ̀lé ara wọn níwájú rẹ̀.

Kì í ṣe pé wọn kò wá nǹkan nínú ilé náà. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí ohunkóhun, nítorí pé ẹ̀rọ inú igi náà kò ní bátìrì, kò ní wáyà, kì í sì í sọ ohunkóhun jáde fúnra rẹ̀. Agolo bàbà róbótó kan ni, tí a fi fàdákà bò, tí awẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ojú rẹ̀ bí awọ ti bo ojú ìlù, pẹ̀lú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ láti ìhà rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá, awẹ́ irin náà a gbọ̀n. Bí àwọn tó wà níta bá sì tan ìgbì rédíò lu ilé náà, ọ̀pá náà a gbà á, a sì dá a padà pẹ̀lú gbígbọ̀n ohùn náà lára rẹ̀. Ìgbà tí wọn kò bá tan ìgbì sí i, òkú lásán ló jẹ́.

Lev Termen ló ṣe é, ẹni tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ mọ̀ nítorí ohun èlò orin kan tí a ń lù láìfọwọ́ kàn án. Ìjọba tirẹ̀ ló rán an lọ sí àgọ́ iṣẹ́ àṣekú ní Kolyma, kí wọ́n tó mú un padà sí ẹ̀wọ̀n àwọn onímọ̀, níbi tí wọ́n ti ní kó máa dárà fún àwọn ọlọ́pàá inú. Ó ká mi lára púpọ̀ pé ọwọ́ tó mú orin jáde láti inú afẹ́fẹ́ ni a fi ẹ̀wọ̀n kọ́ ní jíjí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gbé.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1952 ni àṣírí tú. Kí ó tó di ìgbà náà, òṣìṣẹ́ rédíò kan ní ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Mọsko ti ṣèèṣì gbọ́ ohùn àwọn ará Amẹ́ríkà lórí afẹ́fẹ́. George Kennan ló wà lórí oyè aṣojú Amẹ́ríkà nígbà náà. Wọ́n ní kó jókòó sí yàrá ìkọ̀wé ní alẹ́, kó máa pe ìwé fún akọ̀wé rẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, kí àwọn tó wà níta lè tan ìgbì wọn. Bí ó sì ti ń pè é ni onímọ̀ ẹ̀rọ ń rìn jẹ́jẹ́ láti yàrá dé yàrá, tó ń gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀ nínú ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé òǹtẹ̀ náà kúrò, ó fi òòlù fọ́ ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà náà ni ó yíjú sí igi fúnra rẹ̀, ó fọ́ ọ, ó sì fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n yọ etí kékeré náà jáde. Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ló fi í sí sùn lóru ọjọ́ náà, kí àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì má baà wá gbé e lọ. Ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1960 ni Henry Cabot Lodge, aṣojú Amẹ́ríkà níbẹ̀, tó gbé òǹtẹ̀ náà síwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kí gbogbo ayé rí i.

Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ẹ̀rọ tí í wá ohun tó sùn. Ẹ̀rọ yìí a máa tan ìgbì rédíò sí ara ògiri àti àga. Níbikíbi tí dáyóòdù tàbí tiransísítọ̀, àwọn ẹ̀yà kékeré inú ẹ̀rọ, bá fara pamọ́ sí, ìbáà ti kú, a dá ìgbì mìíràn padà tí ìyára gbígbọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ìṣó tó ti dógùn-ún náà a máa dáhùn, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́ta ni tirẹ̀ sábà máa ń pọ̀ sí, èyí ni amòye fi ń mọ ìyàtọ̀ wọn. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere: idì Mọsko ìbá gba iwájú ẹ̀rọ yìí pàápàá kọjá, torí pé kò sí dáyóòdù kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í rí ju ohun tí a kọ́ ọ láti wá lọ. Ẹni tó bá fẹ̀lẹ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ojú àti ọwọ́ tó ń tú nǹkan palẹ̀ ni olórí iṣẹ́ náà.

Ọdún 1984 fi èyí hàn. Àwọn ará Amẹ́ríkà kó àwọn ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn ní ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì padà sílé, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí í yàwòrán inú ara yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bá ohun afetíkọ́ nínú taipuráítà IBM 16, nínú ọ̀pá irin tí ẹnikẹ́ni ìbá rò pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Kì í ṣe ohùn ni èyí ń gbọ́, bí kò ṣe ìṣípòpadà àwọn apá irin tí ń darí títẹ lẹ́tà, tó ń sọ ohun tí akọ̀wé ń tẹ̀ fún ẹni tó wà níta. Àwọn tó ni ín lè pa á láti òkèèrè nígbà tí wọ́n bá ń wá a.

Ní ọ́fíìsì kékeré tiwa lónìí, èyí tó wọ́pọ̀ ni ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n iná tàbí ṣájà tí wọ́n fi káàdì síìmù sínú rẹ̀, tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí ẹni tó gbé e síbẹ̀ yóò fi pè é láti gbọ́ ọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ wo ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí ẹni tó rà á, aago ògiri tí wọ́n fi ta ilé-iṣẹ́ lọ́rẹ, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí eruku titun wà lára rẹ̀. Kí ẹ sì fiyè sí rédíò tó bá ń dún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ láìsí fóònù nítòsí. Bí ẹ bá rí i, ẹ má ṣe pariwo nínú yàrá náà, ẹ má sì fà á tu. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì jáde síta kí ẹ tó pe ọlọ́pàá tàbí amòfin. Bó bá sì jẹ́ èyí tó ń lo bátìrì, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó gbé e síbẹ̀ padà wá pààrọ̀ bátìrì náà, ìdí mìíràn nìyí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ fà á tu.